Oko Ọ̀bùn Nísàlẹ̀ Òkun

Ẹ̀rín ni Fèyíṣará kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí ẹni tó ń rín in. Ó ti rì wọ omi tó jìn tó igi àgbọn méjì, òtútù ń jẹ ẹ́ létí, agbálẹ̀, ẹ̀rọ tí ìlú fi ń gbá oko, sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ajá tó mọ̀ pé ibi tí eegun wà ni wọ́n ń lọ. Ó gbé iná iwájú orí rẹ̀ sókè. Ìyá Ikúẹ̀san ló jókòó sórí àpáta láàrin oko rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń gbatẹ́gùn lójúde, ó ń já ewé tó ti rà sí wẹ́wẹ́, ó sì ń fi bọ́ òòrẹ̀ òkun, àwọn ẹranko rógódó ẹlẹ́gùn-ún tó ń gbé abẹ́ àpáta.

"Wolé-wolé dé," ni màmá náà wí. Ìbòmú tí wọ́n fi ń mí nísàlẹ̀ omi máa ń gbé ohùn ẹnì kan tọ ẹlòmíràn lọ láìfi nǹkan kan pamọ́, tó fi mọ́ ẹ̀rín tí ènìyàn ìbá fẹ́ gbé mì. "Ẹ káàbọ̀ o, ọ̀gá wa. Ẹ má bínú pé n ò rí àga gbé fún yín."

"Ẹ káàárọ̀, Màmá." Fèyíṣará kúnlẹ̀ níwọ̀n bí omi ti gbà á láyè mọ. Inú rẹ̀ kò dùn sí "ẹ" tí ìyá àgbà náà ń fi bá a sọ̀rọ̀. Ìyá Ikúẹ̀san ló gbẹ̀bí rẹ̀ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn; bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń pe ènìyàn ní ọ̀gá, yẹ̀yẹ́ ló ń fi í ṣe. "Ẹ mọ ohun tó gbé mi wá."

"Mo mọ̀ ọ́n. Àmì pupa kẹta ni. Ó ti wà lápò yín láti àná. Àní mo rò pé ẹ máa gbé e wá bá mi lórí oúnjẹ."

Agbálẹ̀ sún síwájú. Ó tóbi tó màlúù, ọwọ̀ mẹ́jọ ló so mọ́ ikùn rẹ̀, ojú kan ṣoṣo ló sì ní. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn obìnrin kan tó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án ló jáde. "Oko Ikúẹ̀san, ìlà kẹrin. Ẹnikẹ́ni kò gbá a láti ọdún méjì. Olórí Wolé-wolé, ẹ fi àmì lé e kí omi òkun tó yí láti kíkún sí fífà. Bí n kò bá rí àmì nígbà tí omi bá yí, màá kà á sí pupa, màá sì wọlé lọ gbá a."

Ohùn Olóyè Ìbíkẹ́yẹ ni, ìyá Fèyíṣará. Nígbà tí àwọn tó tẹ Máhìn Kejì dó ń darúgbó, wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ ìlú, kí àwọn ọmọ má baà sọ lọ́la pé àwọn ò gbọ́ tàgbà. Ti Ìbíkẹ́yẹ ni wọ́n fún agbálẹ̀, nítorí òun ló ṣe Òfin Ìgbálẹ̀. Ó ti mọ́ Fèyíṣará lára kí ohùn ìyá rẹ̀ máa pè é ní Olórí Wolé-wolé. Ohun tí kò tíì mọ́ ọn lára ni pé ohùn náà kì í pè é ní Àwẹ̀ró. Oríkì yẹn, ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí sàréè.

Ó wo oko náà yíká, ojú sì ń tì í nítorí onílé. Ewé já sílẹ̀ níbẹ̀ dé orúnkún: èyí tó ti pọ́n, èyí tó ti dúdú, èyí tó ti di ẹrọ̀fọ̀. Ní Máhìn Kejì, kí ènìyàn tó la ẹnu kí aládùúgbò rẹ̀ ló ti máa ń gbálẹ̀, nínú ilé, lójúde, lórí afárá pákó, àti nísàlẹ̀ omi níbi tí oko wà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wọn ń ṣe ní Máhìn àkọ́kọ́ kí òkun tó gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n kó dé etíkun tútù yìí ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, tí wọ́n bá igbó tó ń hù láti inú òkun, tí igi ibẹ̀ ga tó ìrókò tí ewé rẹ̀ sì ń jó nínú omi. Igbó náà ló ń ṣẹ́ ìgbì léegun ẹ̀yìn kó tó dé ìdí òpó ilé wọn. Wọ́n pín in fún ìdílé ní oko-oko, wọ́n sì gbé ọwọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Ta ni ọmọ Yorùbá tó máa rí ewé tó já sílẹ̀ lágbàlá rẹ̀ tí ọwọ́ ò ní yún un?

Ìyá Ikúẹ̀san nìkan ni. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí kò gbálẹ̀ fún oṣù kan, wọ́n ṣàánú rẹ̀. Nígbà tó di oṣù mẹ́fà, ahọ́n tú: ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́. Nígbà tó gba pupa àkọ́kọ́, gbogbo ìgbìmọ̀ ló sọ̀kalẹ̀ wá wò ó, tí eyín wọn ń pa keke nínú ìbòmú. Òfin Ìbíkẹ́yẹ ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, kí wolé-wolé kankan má baà fi ìkùnsínú gba oko lọ́wọ́ ọmọnìkejì: bí oko kan bá gba pupa fún ìgbà àkọ́kọ́, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ fi ojú ara wọn rí i láàrin ọjọ́ méje, agbálẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ títí wọ́n á fi rí i. Wọ́n rí i, wọ́n pòṣé, wọ́n gòkè lọ yáná. Pupa kejì kò lálejò. Pupa kẹta, agbálẹ̀ á wọlé lọ́jọ́ náà gan-an, oko á di ti ìlú, olóko á sì gòkè lọ bá àwọn aláìlóko gbé nínú ilé gbọọrọ ẹ̀yìn èbúté.

Fèyíṣará mú àmì pupa náà jáde. Kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ìka wolé-wolé nìkan ló sì lè mú kó tàn. Ó na ọwọ́ sí òpó ààlà, ọwọ́ náà sì dúró lójú ọ̀nà.

Igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà kò ní ojú egbò kankan. Ó wo èkejì, kò ní. Ó wo ẹ̀karùn-ún, ó wo ẹ̀kẹwàá, ó sì gbé ojú sókè tẹ̀ lé wọn títí dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ti ń yọ́ wọlé. Gbogbo wọn dúró ṣánṣán, ewé wọn fẹ̀, wọ́n ń fì lọ wọ́n ń fì bọ̀. Láti ọdún mẹ́ta tí omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, kò tíì rí oko tó rí báyìí. Ìlà kìíní ti di àpáta lásán, ìlà kejì ti ń lọ. Nínú oko ìyá rẹ̀ tó wà ní òdìkejì okùn ààlà yìí, òòrẹ̀ òkun ń jáde láti inú pàlàpálá òkúta ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n ń jẹ ìdí igi títí gbogbo igi á fi tú, tí omi á sì gbé e lọ. Bí oko ṣe ń kú ni ìgbìmọ̀ ń pàṣẹ pé kí wọ́n túbọ̀ gbá a, kó má baà jẹ́ pé ìdọ̀tí ló ń fà á.

"Màmá," ni Fèyíṣará wí, "ta ló ń bá yín pa òòrẹ̀ yín?"

"Pa wọ́n kẹ̀? Àwọn àlejò mi? Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àpáta."

Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi Fèyíṣará ṣe àwàdà pé bí wọ́n bá rán an lọ pọnmi, yóò kọ́kọ́ bi omi pé níbo ló ti ń bọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó tan iná sínú pàlàpálá náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fà sẹ́yìn. Òòrẹ̀ kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ẹ̀gún kan ẹ̀gún, wọ́n pọ̀ ju ti oko tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń jáde. Olúkúlùkù wọn gbé ègé ewé kan lé ẹ̀gún, ó ń jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ewé kan bá rọra fò kọjá, ẹ̀gún á nà jáde, á fà á wọlé.

"Wọ́n mà pọ̀ o," ló wí, kò mọ̀gbà tó gbàgbé iṣẹ́ tó gbé e wá. "Kí ló dé tí wọn ò gun igi?"

"Ìwọ, bí wọ́n bá ń gbé oúnjẹ wá bá ọ nínú yàrá láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ṣé o máa dìde lọ gun àgbọn?" Ìyá Ikúẹ̀san ti dẹ́kun yẹ̀yẹ́, "ẹ" ti lọ, "ìwọ" ti dé. "Ebi kì í wọnú kí ọ̀ràn mìíràn wọ̀ ọ́. Ewé tó ń já ni oúnjẹ wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ gbá oúnjẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n sì jáde wá a lọ sórí igi. Àwọn kọ́ ló ya olè, ẹ̀yin lẹ lé wọn síta."

"Ṣùgbọ́n ó ti pé ogójì ọdún tí a ti ń gbá a, Màmá. Igbó ò kú."

"Omi tutù nígbà yẹn. Bí òòrẹ̀ bá bu ìwọ̀n ìka jẹ, igi á hu ìwọ̀n apá kan padà. Ẹ̀ ń ṣe àṣìṣe, òtútù ń bá yín bò ó. Ooru ló tú àṣírí. Ó ń sọ igi di ọ̀lẹ, ó sì ń la ọ̀nà ọ̀fun fún òòrẹ̀. Ohun tí mo fojú rí nìyẹn o, n ò lọ ilé-ìwé rẹ̀."

Fèyíṣará wo ọ̀pá ooru tó fi kọ́ ìdí, tí àwọ̀ rẹ̀ ń sọ bí omi ṣe gbóná tó. Nígbà ọmọdé rẹ̀, ọ̀pá yìí máa ń dúdú bí aró ní àsìkò yìí nínú ọdún. Ó ti pọ́n báyìí bí èèpo ọsàn.

"Bẹ́ẹ̀ lẹ mọ èyí, ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni? Ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pa ọwọ̀ tì?"

Ìyá àgbà náà ju ègé ewé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi kẹ̀? N ò mọ nǹkan kan nígbà náà," ló wí. "Bàbá Ikúẹ̀san ló máa ń gbálẹ̀ wa. Ọdún méjìdínlógójì gbáko, ìró ọwọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbọ́ kí n tó lajú. Lẹ́yìn tí a sin ín, mo gbé ọwọ̀ náà, mo gbá a lẹ́ẹ̀kan péré, ẹkún bò mí. Mo jù ú sọ́hùn-ún, mo jókòó. Ìdọ̀tí ń pọ̀ sí i, mo jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá jókòó pẹ́ ló ń rí nǹkan, Fèyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbálẹ̀, ilẹ̀ nìkan lẹ̀ ń wò. Nígbà tó yé mi tán, mo sọ fún ìgbìmọ̀. Wọ́n ní ọ̀bùn ń wá àwáwí. Wọ́n sì ní kí n lọ wẹ̀."

Fèyíṣará rántí. Òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ gbóná fún ìtìjú nínú omi tútù.

"Jẹ èyí wò," ni Ìyá Ikúẹ̀san wí. Ó já ègé kékeré lára ewé tútù kan tí eyín ti bù jẹ díẹ̀ rí, tí ojú rẹ̀ sì ti jinná. Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbòmú tí àwọn tó ń pẹ́ nísàlẹ̀ omi fi ń jẹun. Fèyíṣará ti ewé náà gba ibẹ̀ wọlé, ó rún un, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀.

"Ó korò ju ewúro lọ!"

"Àwọn alágídí kan wà nínú wọn tí wọ́n ṣì máa ń jáde. Wọ́n bù ú jẹ díẹ̀, igi náà sì bínú, ó gbé kíkorò sínú ewé. Láti ìgbà náà, èyí tó bá tọ́ ọ wò á sáré padà síbi ewé tó ti já, tí omi ti fọ kíkorò rẹ̀ dànù. Ó dáa. Sọdá okùn yẹn, kí o lọ tọ́ ti ìyá rẹ wò."

"Olórí Wolé-wolé," ni ohùn Ìbíkẹ́yẹ wí, "omi ò ní pẹ́ yí."

Fèyíṣará sọdá. Oko ìyá rẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó gbá a fúnra rẹ̀ láàárọ̀ yìí kó tó wọ ẹ̀wù iṣẹ́. Igi mọ́kànlá ló kù dúró nínú ọgọ́rùn-ún. Ó já ewé kan, ó jẹ ẹ́. Ó rọ̀, ó ń dùn díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀kọ tútù, kò ní ìjà kankan nínú. Ó gbé ìṣẹ́jú kan rò ó. Igi tí ẹnu kan bá bù jẹ á ráyè bínú. Igi tí ogún ẹnu dì mọ́, tí ooru tún gbé lé lórí, kí ló kù tó máa fi bínú? Òòrẹ̀ mẹ́rìndínlógún ló wà lórí igi tó wà níwájú rẹ̀, ó gbọ́ ìró eyín wọn, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Ó tú àwọ̀n ìdí rẹ̀, ó padà sí oko ọ̀bùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì kó ewé jíjẹrà sínú rẹ̀.

"Ẹ̀ ń gbé ìdọ̀tí wọ oko tó mọ́," ni agbálẹ̀ wí.

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀ ń gbé ìdọ̀tí wọ oko Ìbíkẹ́yẹ."

"Mo ní mo mọ̀!"

Ó da ẹrù àwọ̀n náà sí ìdí igi, ó sì lóṣòó tì í. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó rò pé bóyá ọ̀bùn kàn ń wá àwáwí lóòótọ́, ó sì yà á lẹ́nu pé òun ò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òòrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá na ẹ̀gún kan, ó kan ewé, ó dúró. Ó na èkejì. Ó tú ẹsẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ rẹ̀ lára igi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rọra bọ́ sílẹ̀, ó sì fa ewé náà lé ẹ̀yìn. Òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tí Fèyíṣará fi máa mọ̀, ó ti lanu sílẹ̀ nínú ìbòmú bí ọmọdé tó ń wo eégún. Mẹ́sàn-án ti sọ̀kalẹ̀. Igi náà, tí eyín ti jẹ dé ọ̀pá ẹ̀yìn, ṣì dúró.

"Wọ́n ń bọ̀ sílẹ̀!" ló kígbe. "Màmá, wọ́n ń bọ̀ sílẹ̀!"

"Mo ń gbọ́ ọ. Má fọ́ mi létí."

Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ìdùnnú náà kò pẹ́. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí agbálẹ̀ tó ti tẹ́ ọwọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sílẹ̀ lẹ́nu ààlà Ìyá Ikúẹ̀san, tó ń dúró de omi. Bí ó bá fi pupa lé oko yìí, tàbí bí kò tilẹ̀ fi nǹkan kan lé e, kí oòrùn tó kan àtàrí, ilẹ̀ ibẹ̀ á mọ́ bí ti ìyá rẹ̀, òòrẹ̀ inú pàlàpálá á sì jáde. Oko kan ṣoṣo tó lè fi òtítọ́ han Máhìn Kejì á lọ. Bí ó bá gòkè lọ rojọ́ fún ìgbìmọ̀, wọ́n á ní kó jókòó, wọ́n á pín obì, omi á sì ti yí. Bí ó bá fi àmì funfun, èyí tó ń sọ pé oko mọ́, lé oko náà ńkọ́? Irọ́ ni. Agbálẹ̀ á ya àwòrán rẹ̀, àwòrán á tako ọwọ́ rẹ̀, àmì náà á dúró, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò ní tan òmíràn mọ́ títí ìgbìmọ̀ á fi dájọ́. Wolé-wolé méjì péré ló tíì parọ́ àmì rí. Àwọn méjèèjì ò wọ omi mọ́ títí tí wọ́n fi kú, orúkọ wọn sì ti di èébú.

Kì í sì í ṣe orúkọ tirẹ̀ nìkan, orúkọ Ìbíkẹ́yẹ náà ni. Ó rí ìyá rẹ̀ lójú ọkàn, tó tẹ̀ kòó sórí ọwọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pín oko, tó ń sọ fún àwọn tí òkun lé kúrò nílé pé ẹni bá ń gbálẹ̀ rẹ̀ ti sọ fún ilẹ̀ pé òun ò lọ mọ́. Ó dun Fèyíṣará dé ọkàn. Ìfẹ́ ni ìyá rẹ̀ fi ṣe òfin yìí, ìfẹ́ náà ló sì ń pa igbó.

"Tẹ̀ ẹ́," ni Ìyá Ikúẹ̀san wí jẹ́jẹ́. "Mo ti gbó. Ilé gbọọrọ yẹn, wọ́n ní wọ́n ń dáná níbẹ̀ dáadáa. N ò ní bínú sí ọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ronú."

Ó wo àmì pupa tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó wo funfun tó wà lápò. Ó wo òpó ààlà méjèèjì, ti oko ọ̀bùn àti ti oko ìyá rẹ̀, tí kò ju ìwọ̀n apá mẹ́ta lọ láàrin wọn. Ọgbọ́n kan wá sí i lọ́kàn. Bí ó bá kọ́kọ́ fi funfun parọ́, ìka rẹ̀ á kú, kò ní lè ṣe ìkejì. Àfi kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti máa dùn ún jù.

Ó lúwẹ̀ẹ́ kọjá lára agbálẹ̀. Ó gbé àmì pupa, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó oko Ìbíkẹ́yẹ, ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́. Pupa tàn yòò sára ilẹ̀ mímọ́ náà.

Agbálẹ̀ yíjú sí i. "Olórí Wolé-wolé, oko yín ni èyí. Yàtọ̀ sí ewé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dà síbẹ̀, n kò rí ìdọ̀tí. Ẹ sọ ìdí."

"Ó mọ́ jù."

"Kò yé mi. Ẹ sọ ìdí."

"Wọ́n gbá oúnjẹ kúrò lẹ́nu ẹni tí ebi ń pa, ó sì jáde wá jẹ ilé."

"Ta ló gbá a?"

Ó lè ní ìyá òun ni. Òkú kì í jẹ́jọ́. Ó lè ní agbálẹ̀ ni; ẹ̀rọ kì í tijú. Ṣùgbọ́n ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé.

"Èmi ni," ni Fèyíṣará wí, omijé sì ń gbóná fún un lójú. "Èmi Fèyíṣará, ọmọ Ìbíkẹ́yẹ. Mo ti ń gbá a ní àràárọ̀ láti ọjọ́ tí o ti kú."

Kò mọ̀gbà tí "o" jáde lẹ́nu rẹ̀. Agbálẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń fi "o" ṣe. "Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀," ló wí pẹ̀lú ohùn ìyá náà, láìbínú, láìyọ̀. "Pupa àkọ́kọ́. Ìgbìmọ̀ á wá fi ojú ara wọn rí i. N kò ní wọ oko yìí títí wọ́n á fi dé."

Lókè lọ́hùn-ún, aago ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti kéde pupa tuntun náà. Wọ́n lo ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá wo ìdọ̀tí opó. Pupa lórí oko Ìbíkẹ́yẹ, wọ́n á sáré bọ̀ láìtíì de ìbòmú tán.

Fèyíṣará sọdá, ó lẹ àmì funfun mọ́ òpó Ìyá Ikúẹ̀san, ó sì tẹ̀ ẹ́.

"Àwòrán kò bá àmì mu," ni agbálẹ̀ wí. "Bí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́, ìka yín á di ti ìgbìmọ̀."

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Funfun tàn, ó dúró. Ìmọ́lẹ̀ kékeré tó máa ń wà lórí ìka ìbọ̀wọ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́tàlá sì pa. Agbálẹ̀ ká ọwọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fi wọ ikùn, ó sì jókòó sórí iyanrìn láàrin oko méjèèjì.

Ìyá Ikúẹ̀san kò rẹ́rìn-ín. "Ìka rẹ ńkọ́?"

"Ó ti kú."

"Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ pátápátá o."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni."

Màmá náà sún lórí àpáta rẹ̀, ó fi ọwọ́ ti ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń tẹ́ ẹní fún àlejò. "Àwẹ̀ró," ló wí, "wá jókòó."

Fún ọdún mẹ́sàn-án, kò sí ohùn kankan tó pè é bẹ́ẹ̀. Fèyíṣará jókòó sáàrin ìdọ̀tí náà, ó dé e ní ìbàdí, ó sì sunkún díẹ̀ láìfi pamọ́, nítorí ìbòmú ò tilẹ̀ gbà kí ènìyàn fi í pamọ́. Lókè wọn, ìdí ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta ti ń ṣíji bo oko. Wọ́n gbọ́ ohùn àwọn ìgbìmọ̀ bí wọ́n ti ń bọ́ sómi lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń gbọ̀n, tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ara wọn pé ta ló lè ṣe irú èyí sí oko Ìbíkẹ́yẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òòrẹ̀ kan na ẹ̀gún jáde nínú pàlàpálá, ó ń táràrà, kò rí nǹkan. Fèyíṣará fi ìka tó ti kú náà ti ewé kan sún mọ́ ọn, ó sì tẹjú mọ́ ọn bó ṣe ń jẹun.